Ìpara Ọmọ Lára Kọ̀ǹpútà

Kàbà, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹta, ọdún 2000

N kò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni mo dá lónìí tàbí mo ti ba kọ̀ǹpútà ọ̀gá mi jẹ́.

Àtàná ló ti ń kú fúnra rẹ̀. Túndé tó ń tún un ṣe tú u wò, ó ní ìpara funfun tó ń gba ooru lára ọpọlọ rẹ̀ ti gbẹ, àfi kí òun wá òmíràn lọ sí Lọ́kọ́jà. Ó wá ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Àǹtí, ó mà jọ ìpara ìdí ọmọ yín o."

Bó ṣe lọ, mo nu èyí tó gbẹ kúrò, mo fi ti Bọ́lá ọmọ mi, tó wà nínú báàgì mi, sí i. Mo kọ́kọ́ fi púpọ̀, bí mo ṣe ń fi pa ọmọ. Ó tún kú. Mo nù ún, mo fi bíńtín. Kò kú mọ́ títí a fi ṣíwọ́. Báwo ni díẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ju púpọ̀ lọ?

Ọ̀gá fọwọ́ kàn án, ó wá kí mi bí a ṣe ń kíni ní Kàbà: "Okun o, Ìyá Bọ́lá. Ó ti tutù. Bá mi ṣe kọ̀ǹpútà méjì tó kù lọ́la."

Mi ò lè sọ ohun tí mo fi sí i. Tó bá tún gbẹ, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ìdí Bọ́lá pọ́n nírọ̀lẹ́ yìí, ó ń ké. Mo ti fi gbogbo ìpara tó kù pa á. Kí ni màá wá sọ fún ọ̀gá láàárọ̀?