Kọ̀ǹpútà Tuntun Tí Ó Ń Kú Lẹ́nu Eré-Ìje

Ojúlé Kẹrin,
Òpópónà Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
Ìyànà Ọ̀fà,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Agbẹ́jọ́ Oníbàárà,
Ẹgbẹ́ Àwọn Oníkọ̀ǹpútà Ọjà Ìfẹ́lódùn,
Ọlọ́runṣògo,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN TÍ MO FI KAN Ọ̀GBẸ́NI WÁNDÉ ADÉWỌLÉ LÓRÍ ÀLÒKÙ TÍ Ó FI SÍNÚ KỌ̀ǸPÚTÀ TUNTUN ÀTI ÀBÙKÙ TÍ Ó FI KAN ÀBÚRÒ MI

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìyànà Ọ̀fà níbí. Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, n kò sì ní díbọ́n pé kò bí mi. Síbẹ̀, èmi yóò to ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìbínú ni ó jẹ́ kí n bù mọ́ ọn.

Akíntáyọ̀ ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni ó ń ṣe kí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbá a lórí ọ̀kadà lọ́nà Akanran. Láti ìgbà náà, orí kẹ̀kẹ́ arọ ni ó ń jókòó. Ó pẹ́ tí kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ ju gbólóhùn kan lọ nínú ilé. Géèmù eré-ìje ọkọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni ó dá ẹ̀rín padà sí i lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ìbàdàn mú un mọ́ àwọn tí yóò ṣojú wọn nínú ìdíje kan tí wọ́n ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Láptọ́ọ̀pù tí ó ń lò kò lè gbé irú eré bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú ọjà yín, kí ó bá wa to kọ̀ǹpútà tuntun. Ó fọwọ́ sọ̀yà níwájú wa pé kò sí àlòkù kankan nínú rẹ̀. A sanwó, a sì gbé e lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀.

Bí Akíntáyọ̀ bá ń kọ̀wé tàbí tí ó ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà náà, kò sí ohun tí ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ eré-ìje, tí ọkọ̀ púpọ̀ sì kún ojú rẹ̀, ńṣe ni yóò kú lójijì bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ àbẹ́là pa. Kì í kìlọ̀. Kì í sì í tàn mọ́ àfi bí a bá yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri kí ó sinmi díẹ̀.

A pe Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé. Ó ní iná ìjọba ni kò dára ládùúgbò wa. A ra ohun èlò tí ń mú iná dúró sójú kan. Kọ̀ǹpútà tún kú. Ó ní jẹnẹrétọ̀ wa ni, bẹ́ẹ̀ ni a kò tan jẹnẹrétọ̀ rí fún un. Mo bẹ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí a gbé e lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wa, níbi tí iná ínfátà ti ń ṣiṣẹ́ láìdúró. Gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú yàrá náà ni kò ṣẹ́jú, àfi tiwa tí ó kú. Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé wá ní ooru ni. A ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a tan fáànù sí i. Ó tún kú, ara rẹ̀ kò sì gbóná.

Akíntáyọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó wá dín dídán àwọn àwòrán inú eré náà kù, tí ó sì rí i pé kọ̀ǹpútà náà pẹ́ díẹ̀ sí i kí ó tó kú. Ó sọ fún mi pé bí àwòrán bá ti ń dán tó ni kọ̀ǹpútà ń jẹ iná tó, àti pé iná tí ń dé inú rẹ̀ ni kò tó o. Ó sọ bẹ́ẹ̀ gan-an fún Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé lórí fóònù. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì bi í pé níbo ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ọjọ́ ìdíje pé. Akíntáyọ̀ ni ó wà níwájú nígbà tí kọ̀ǹpútà náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n fún un láyè kí ó tún un sá, ó sì tún kú. Òfin wọn ni pé ẹni tí ó bá já kúrò lẹ́ẹ̀mejì ti jáde nìyẹn. Àwọn tí ó ń bá díje kọ ọ́ síta pé ojora ni ó mú un tí ó fi sá lọ.

Mo háyà ọkọ̀, mo gbé kọ̀ǹpútà náà àti àbúrò mi lọ sí ọjà yín. Àtẹ̀gùn wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, ẹnikẹ́ni kò sì dìde láti bá mi gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, nítorí náà ìta ni ó jókòó sí. Níwájú àwọn oníbàárà mìíràn ni Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé ti sọ fún mi pé: “Mà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ẹni tí ara ẹ̀ ò pé, ọwọ́ ẹ̀ ò lè pé. Òun ló ń tẹ ibi tí ò yẹ kó tẹ̀.” Kò tilẹ̀ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Akíntáyọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, ó kọjú sí títì títí mo fi jáde.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ìyẹn kò tó ọkùnrin yìí. Ó tún kọ ọ́ sójú ìwé WhatsApp ẹgbẹ́ yín pé kí ẹ ṣọ́ra fún abirùn kan láti Ìyànà Ọ̀fà tí ń ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín ni ó fi hàn mí.

Arábìnrin Alimat, aládùúgbò wa tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí kan, ni ó bá wa tú kọ̀ǹpútà náà. A ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé kí ó wá wo ohun tí a fẹ́ ṣe, kò wá. Olùṣọ́àgùntàn ìjọ wa jókòó tì wá, a sì ká gbogbo rẹ̀ sínú fóònù. Páwà, ìyẹn àpótí tí ń pín iná fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà, ni Alimat kọ́kọ́ yọ. Bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn sọ pé agbára rẹ̀ tó. Nígbà tí Alimat fi èékánná ha bébà náà, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, agbára tí ìyẹn kọ kò sì tó ìdajì ti òkè. Eruku àti ẹyin aáyán gbígbẹ wà nínú àpótí náà. Inú kọ̀ǹpútà tuntun!

Alimat yọ páwà tirẹ̀ nílé, ó fi sínú tiwa. Ó bẹ Akíntáyọ̀ títí kí ó tó gbà láti fọwọ́ kàn án. Àbúrò mi sá eré-ìje kan tẹ̀ lé òmíràn, ní gbogbo dídán àwòrán rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà kò sì kú. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ńṣe ni ó pa á fúnra rẹ̀, tí ó ní kí a dá páwà padà fún ẹni tí ó ni ín. Láti ọjọ́ náà, kò súnmọ́ tábìlì yẹn mọ́.

N kò bẹ̀ yín kí ẹ gba owó fún mi. Kí Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé fi páwà tuntun tí agbára rẹ̀ pé sínú ohun tí ó tà fún wa. Kí ó kọ ọ́ sójú ìwé tí ó ti bú àbúrò mi pé irọ́ ni òun pa, kí ó sì kọ bákan náà ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ṣètò ìdíje náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún yẹ àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó ti tò fún ènìyàn wò. Ẹnìkan lè wà ní Ẹgbẹ́dá tàbí Akanran tí ń ṣépè fún iná ìjọba láìmọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà òun ni àrùn wà. Alimat sọ fún wa pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè gbiná.

Mo ka lẹ́tà yìí fún Akíntáyọ̀ kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yọ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ arọ kúrò níbẹ̀. Páwà la rà, kì í ṣe ẹsẹ̀.” Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n n kò yọ ọ́, nítorí pé Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé ni ó gbé e wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ni mo bẹ̀ kí ẹ bá wa yọ ọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín, tí ń dúró de ìdájọ́ òdodo,

Olúfúnmi Oyèbánjí (Ìyáàfin),
Olùkọ́, àti ẹ̀gbọ́n Akíntáyọ̀.