Ohun Tí Qàwíyyàt Wò Lára Mi

                                        Agbo-ilé Télọ̀,
                                        Ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn,
                                        Ẹ̀jìgbò, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024.

Kàmọ́rù, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Sàfúrátù ìyàwó mi kú ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún yìí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. A sin ín ní ọjọ́ náà. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí o má baà máa bèèrè rẹ̀ bí a bá ti ń kí ara wa.

Ó yá, ara rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ ṣì ń gbé ọ dé mọ́sáláṣí? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́, àwọn tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń tọrọ omi lọ́wọ́ rẹ? Èmi wà. Ẹ̀yìn ń dùn mí bí mo bá pẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mo ṣì ń ránṣọ.

Nítorí pé etí rẹ kò gba fóònù mọ́ ni mo ṣe ní kí Túnmiṣe, tíṣà tó háyà yàrá iwájú ilé wa, bá mi kọ èyí. Awakọ̀ Abíjàn ni yóò mú un wá. Má bínú sí Bàṣírù, àkọ́bí mi, pé ẹ jọ wà ní Abíjàn, kò sì sọ fún ọ. Èmi ni mo kìlọ̀ fún un. Ìwọ lo bá mi lọ tọrọ Sàfúrátù ní ìlú Ara, n kò fẹ́ kí o gbọ́ ikú rẹ̀ lẹ́nu ọmọ. Mo ní èmi ni n ó sọ ọ́, mo sì di í mú fún oṣù mẹ́jọ. Kò dára bẹ́ẹ̀. Foríjì mí.

Ohun tó là mí lẹ́nu lónìí ni ọ̀rọ̀ Qàwíyyàt, àbígbẹ̀yìn wa. Yunifásítì ló wà, eré orí ìtàgé ló ń kọ́ níbẹ̀, ó ku ọdún kan kí ó parí. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ pé ohun tí òun fẹ́ kọ́ nìyẹn, mo kọ̀. Mo ní ọmọ mi kò ní í tìtorí tíátà wọ yunifásítì. Sàfúrátù ló bá a bẹ̀ mí. Ó ní, "Bàbá Bàṣírù, ẹ̀yin náà kì í ṣe tíátà ni? Bí oníbàárà bá wá bèèrè aṣọ tí ẹ kò tíì gé, ṣebí ẹ máa ń ní ó ku bọ́tìnnì." Mo rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí.

Ilé ni Qàwíyyàt wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn obìnrin ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ilé, àlùfáà sì ń wá ẹni tí yóò gé aṣọ funfun. Mo ní èmi ni télọ̀, kí wọ́n kó o fún mi. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀, mo gé e sí márùn-ún bí àlùfáà ti wí. Kàmọ́rù, bí mo ti gé e tán, ọwọ́ mi lọ sí àyà ẹ̀wù mi, níbi tí mo máa ń gún abẹ́rẹ́ sí. Mo yọ ọ́, mo ki òwú bọ̀ ọ́, mo ká etí aṣọ náà, ó ku kí n kàn án. Ìgbà náà ni mo rántí pé a kì í rán aṣọ òkú. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí ọwọ́ mi ti ń rán ohun tó bá gé. Mo fa òwú yọ, mo dá abẹ́rẹ́ padà sí àyà mi, mo kó aṣọ jáde fún wọn. N kò sunkún. O mọ̀ mí, n kò sunkún nígbà tí a sin ọmọ méjì tó tẹ̀lé Bàṣírù pàápàá. Mo rò pé ẹnikẹ́ni kò rí mi.

Qàwíyyàt rí mi. Ó wá sọ fún mi pé wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ tán, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wọlé.

Ní oṣù keje, ó ránṣẹ́ pè mí kí n wá wo eré òun. Èmi àti Ṣùkúrátù àbúrò mi la jọ lọ. Olùkọ́ wọn ti ní kí oníkálukú wọn mú àgbàlagbà kan, kí ó máa wò ó fún oṣù bíi mélòó kan: bí ó ti ń rìn, bí ó ti ń jókòó, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Kí ó wá di ẹni náà lójú gbogbo ènìyàn. Ọmọkùnrin kan kọ́kọ́ ṣe ọdẹ tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. A rẹ́rìn-ín.

Ó wá kan Qàwíyyàt. Ó de fìlà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì díẹ̀ bọ̀. Ṣùkúrátù fi ìgúnpá gún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin mà nìyẹn." Ẹ̀rín ń pa á. Ọmọ náà tẹ́ aṣọ funfun, ó gé e. Ó yọ abẹ́rẹ́ láyà, ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó ká etí aṣọ. Ó wá dúró. Ó dúró, ó pẹ́. Ó fa òwú yọ. Ẹ̀rín ti kúrò lójú Ṣùkúrátù. Òun kò mọ̀ nípa abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ aṣọ náà.

Obìnrin tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi ń nu ojú. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yìí mà mọ̀ ọ́n ṣe o. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Mo ní, "N kò mọ̀ ọ́n rí."

Mo dìde, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. N kò dúró kí ọmọ náà wá kí mi.

Nígbà tó dé ilé lọ́sẹ̀ kejì, mo bi í pé, "Ta ló fún ọ láṣẹ?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó fún mi, Bàbá."

"O kò lè bèèrè?"

"Bí mo bá bèèrè, ẹ ó kọ̀."

"O mọ̀ pé n ó kọ̀, o sì ṣe é."

"Mo jẹ̀bi ìyẹn, Bàbá. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n Àǹtí Ṣùkúrátù ní wọ́n bi yín, ẹ ní ẹ kò mọ̀ mí rí."

Kò gbé ohùn sókè. Èmi ni mo gbé e sókè. Mo ní kò gbọdọ̀ padà sí ilé-ìwé yẹn mọ́. Ó ní bí mo bá wí i ní ọjọ́ tí inú kò bí mi, òun yóò gbọ́. Ó kúnlẹ̀ dágbére, ó tẹ̀lé Ṣùkúrátù lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ó ń bá a ṣiṣẹ́ oko ẹ̀gẹ́ láti ìgbà náà. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí ni ilé-ìwé wọn yóò wọlé.

Kàmọ́rù, mo ti ń wá ọjọ́ tí inú kò ní í bí mi, n kò rí i. Ohun tí mo fi pa mọ́ ni ọmọ yìí gbé fún èrò wò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kò ṣe é dáadáa, irọ́ ni mo pa. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ṣe jẹun, mo mọ iṣẹ́ tó dán bí mo bá rí i. Èmi gan-an kò mọ̀ pé mo pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́, àfi ìgbà tí ó ṣe é. Oṣù mẹ́fà ni Sàfúrátù ti kú tí omi kò jáde lójú mi. Inú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀ láti ibi eré yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, lójú àjèjì, kò sì tíì tán. N kò mọ̀ bóyá ìyẹn gan-an ni mo ń bínú sí. Ẹni tí ì bá là wá ló kú yìí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Sọ fún un pé kí ó má dààmú wá, a ti ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, a ti ṣe ti ogójì ọjọ́. Kí gbogbo ará Ẹ̀jìgbò tí ẹ jọ ń kírun, kí wọ́n bá mi ṣe àdúà fún un. Túnmiṣe ní kí n kí ọ, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ ara yín.

Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. N kò lè dá ẹjọ́ yìí. Èmi ni ọmọ ṣẹ̀, èmi náà ni mo sẹ́ ọmọ. Jọ̀ọ́, ránṣẹ́ pe Bàṣírù, kí ẹ jọ ka lẹ́tà yìí. Àwọn ẹgbẹ́ Qàwíyyàt ya eré náà sínú fóònù, ó ti dé ọwọ́ Bàṣírù, èmi ni mo ní kí ó má wò ó. Kí ó wò ó báyìí, níwájú rẹ. A ti sin ìyá rẹ̀ kí ó tó rí ọkọ̀ wọ̀, kò bá ohunkóhun nílẹ̀. Bí ó bá wò ó tán, kí ó pe àbúrò rẹ̀, kí ó má pe èmi. Bí ó bá ní kí Qàwíyyàt padà sí ilé-ìwé, yóò padà. Bí ó bá ní kí ó jókòó sílé, yóò jókòó, n kò ní í fi ẹnu sí i. N kò sọ èyí tí mo fẹ́, kí ó má sì bi mí. Òun ni àkọ́bí. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó ti di tirẹ̀.

                                        Èmi ni, tìrẹ láti ìgbà èwe wa,
                                        Kàsímù Télọ̀.