Ológun Tó Gbé Ọmọ Ewúrẹ́ Mọ́yà

Ìkòtún, Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Bàbá wa ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ṣé ara yín le ní Àgbàdo lọ́hùn-ún? Ṣé orúnkún tó ń yọ yín lẹ́nu ti gbóògùn? Àwa níbí wà ní àlàáfíà, Àlùhámúdùlílà. Ọmọ yín Wàsíù ń kí yín, àwọn ọmọ-ọmọ yín náà ń kí yín, wọ́n tiẹ̀ ń pariwo lé mi lórí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mi ò pè yín lórí fóònù torí ẹ ti sọ pé ohùn mi máa ń dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í sì í ṣe ohun tí ẹ máa gbọ́ ní ìlàjì. Ẹ wá ìjókòó, kí ẹ fi awò yín sójú.

Tíṣà tó ń kọ́ Nusaibah ló ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí, kí wọ́n wá ròyìn ohun tí wọ́n rí. Ibi tó bá sún mọ́ wa ni ǹ bá mú àwọn ọmọ lọ, àmọ́ Sódìq àbúrò rẹ̀ ti gbọ́ pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn sójà kan wà, tí ọkọ̀ ogun gidi wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà mi ò sinmi mọ́. Ṣe ló ń yan bíi sójà lọ sí balùwẹ̀ láràárọ̀. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Láàárọ̀ àná mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo di ìrẹsì sínú kúlà, a wọkọ̀ ní Ìkòtún, a sọ̀ ní Ìyànà Ìpájà, a tún wọ òmíràn.

Bàbá, ibẹ̀ dùn. Ọkọ̀ òfuurufú kan jókòó sínú koríko bí adìyẹ tó ń sàba. Mubarakah kọ̀, kò wọlé, àfi ìgbà tí wọ́n fi dá a lójú pé kò sí ọta nínú ìbọn kankan mọ́. Agnes lorúkọ obìnrin tó ń mú wa kiri, ọmọ Èkìtì ni, ó sì lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Ó jẹ́ ká gbé fìlà onírin kan dé lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà dé e, kí n má parọ́. Ó wúwo ju ìkòkò tí mo fi ń se ẹ̀wà lọ.

Inú yàrá àwòrán ogun abẹ́lé ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Sódìq dúró síwájú àwòrán ńlá kan, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, bí ẹ ṣe máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà yín tí ẹ bá ń retí kí wọ́n pe ìrun. Agnes wò ó, ó wo àwòrán, ó ní, “Màámi, ẹ wò ó o, sójà yìí ni ọmọ yín ń ṣe bíi tiẹ̀.” Mo sún mọ́ ọn. Iwájú orí yín nìyẹn. Èjí yín nìyẹn, àti etí ọ̀tún tó rọ̀ díẹ̀, tí Wàsíù jogún, tí mo máa ń fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Àwọn ọ̀dọ́mọdé sójà dúró létí ọ̀nà kan tí òjò ti rọ̀ sí, ẹ̀yin wà láàárín wọn, ẹ gbé ọmọ ewúrẹ́ kan mọ́yà. Orí mi wú, omi sì bọ́ lójú mi.

Wọ́n lẹ káàdì kéékèèké mọ́ abẹ́ àwòrán náà, ọ̀kan fún sójà kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan lórúkọ. Ohun tí wọ́n kọ sí tiyín ni pé, “Ọmọ ogun kan. A kò mọ orúkọ rẹ̀.” Ó dùn mí wọra. Mo rántí ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ sójà tó ti fẹ̀yìn tì wá pè yín, tí ẹ ní kí wọ́n máa lọ, tí ẹ ní, “Ta ló ń béèrè wa?” Bàbá, wọ́n ń béèrè yín. Agnes ní ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ti ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé bóyá wọ́n mọ̀ yín.

Ló bá ní ká dárúkọ yín, kí òun kọ ọ́ sí káàdì tuntun. Wàhálà dé. Nusaibah ní Bàbá Àgbàdo ni. Sódìq ní Alájì ni. Mubarakah ní Bàbá Dádì ni. Agnes ní òun ò lè kọ Bàbá Àgbàdo sábẹ́ àwòrán sójà. Ni gbogbo wọn bá yíjú sí mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti wọ agbo ilé yín, orúkọ yín kò tíì gba ẹnu mi jáde rí. Ìyàwó ilé wo ló máa la ẹnu pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Mo pe Wàsíù, kò wọlé, torí wọ́n máa ń gba fóònù wọn sílẹ̀ lẹ́nu géètì ibi iṣẹ́. Agnes rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó yé mi jàre, èmi náà ò jẹ́ dárúkọ bàbá ọkọ mi. Àmọ́ a ti fẹ́ tilẹ̀kùn o. Tí ẹ ò bá sọ ọ́, bó ṣe máa wà nìyẹn.”

Ọgbọ́n kan bá sọ sí mi lọ́kàn. Mo gbé Mubarakah, mo sọ ọ́ sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, débi pé èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ. Ọmọ yín lanu, ó pariwo rẹ̀, “Ṣàíbù Àjàdí Ọláìtán!” Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá yíjú, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá, ẹnu ọmọ yín ló ti jáde o, kì í ṣe ẹnu tèmi. Sódìq ti sọ ọ́ dorin. Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé wa délé láti ibùdókọ̀ Ìkòtún ti mọ orúkọ yín.

Agnes ti ṣí bírò nígbà tó rọra bi wá pé ìgbà wo ni Bàbá kú. Nusaibah dá a lóhùn pé, “Kú bí i ti báwo? Ó bá wa jẹ ẹ̀wà ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá.” Obìnrin náà wá àga, ó jókòó. Ó ní ẹ̀yìn ikú ni àwọn èèyàn máa ń wá dá ẹni wọn mọ̀ nínú àwòrán yẹn, ẹ̀yin nìkan ni òun tíì gbọ́ pé ó ṣì wà láyé. Ó ti bírò pa. Ó ní òun ò ní lẹ káàdì yín, ẹ̀yin lẹ máa fi ọwọ́ ara yín lẹ̀ ẹ́. Wàsíù ti ní òun á wá gbé yín ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ogun yẹn, mi ò sì ní bi yín ní nǹkan kan. Ẹ ṣáà jẹ́ ká jọ lọ.

Ọlọ́run á túbọ̀ fún orúnkún yín lágbára. Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Bí àwọn ọmọ yìí ṣe rí èwe yín, wọn á rí ogbó yín pẹ́, láṣẹ Ọlọ́run Ọba.

Èmi ni ìyàwó yín tó fẹ́ràn yín,
Kafilat, ìyá Nusaibah.

Ẹ tún gbọ́ o: Mo ní mi ò ní bi yín ní nǹkan kan, àmọ́ Nusaibah ò bá mi ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan dúró tì yín nínú àwòrán náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi ìbọn méjì kọ́ èjìká, tirẹ̀ àti tiyín, torí ewúrẹ́ ò jẹ́ kí ọwọ́ yín gbà á. Káàdì tirẹ̀ náà ò lórúkọ. Agnes ní ẹnikẹ́ni ò tíì wá wò ó rí. Bàbá, àwa ò mọ orúkọ tiẹ̀ tí a máa sọ sí ọmọ létí. Ẹnu yín nìkan ló kù.