Ìjàpá Tó Kọ Oúnjẹ

Màámi,

Ẹ kú àárò mi o. Ara mi le, iṣẹ́ náà sì ń lọ dáadáa nílùú òyìnbó níbí.

Bàbá arúgbó kan gbé ìjàpá rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn ẹranko wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Ó ti tó ogún ọjọ́ tí kò ti jẹun. Òun nìkan ló kù tí a jọ ń gbélé." Dókítà ní òtútù ni, torí ìjàpá kò lè mú ara rẹ̀ gbóná, bí ara rẹ̀ bá tutù, oúnjẹ ò ní wù ú. A tan iná tó ń móoru sórí rẹ̀, mo sì ń gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láràárọ̀. Èdè wa ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́: "Jẹun, ọ̀rẹ́ mi, má dójú tì mí." Lọ́jọ́ kẹrin, ó na ọrùn, ó já ewé lọ́wọ́ mi. Bàbá náà bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún díẹ̀, ti ayọ̀ ni o.

Dókítà bi mí pé kí ló dé tí n kì í tètè lọ sílé. Mo ní ẹ̀gbẹ́ iná ìjàpá dùn ún jókòó sí. Yàrá tí mo ń gbé náà dára o, òtútù ibẹ̀ ò pọ̀, ẹ má ronú.

Ẹ kí Bàbá. Ẹ bá mi gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ibùsùn mi fún ẹnikẹ́ni.

Àbígbẹ̀yìn yín.