Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Ìkíni

                                        Ṣọ́ọ̀bù Jórinjórin,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Epo.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Télọ̀,

Irọ́ ni mo pa fún ẹ nípa ọmọbìnrin mi. Ó ti lé lóṣù mẹ́rin tí mo ti fẹ́ sọ ọ́, ojú ló ń tì mí. Ọmọ yẹn kò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀. Èmi tí mo sọ fún ẹ pé ó gbọ́, pé ó kàn kọ̀ láti wá ni, ọjọ́ kejì gan-an ni mo ti mọ òótọ́, mo sì panu mọ́.

Má bínú pé mo ju ọ̀rọ̀ lù ẹ́ kí n tó kí ẹ. Wàá rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Báwo ni ìyàwó? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ńkọ́, ṣé ó ti ń gun àtẹ̀gùn láì di ògiri mú? Ojú tìrẹ ńkọ́, ṣé o ti gba awò tuntun, àbí àdúrà lo ṣì fi ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́? Ìyàwó tèmi ti le. Ojú àpá ti jinná, ó sì ti padà sẹ́nu ariwo tó máa ń pa mọ́ mi, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá.

Fóònù ìgbàlódé tí ọmọ náà rà fún mi ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. O mọ iṣẹ́ wa. Ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti ń jó irin ti sọ àtàǹpàkò mi di pákó. Bí mo bá fi tẹ ojú fóònù, kì í tilẹ̀ mọ̀ pé èèyàn fọwọ́ kan òun. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ọ̀gá wọn tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ geere. Ó wá wo ọwọ́ mi, ó ní, "Bàbá, kò sóhun tó ṣe fóònù yín o. Ìka yín ló kú." Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọńdinrín ni mo fi ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí adìẹ tó ń ṣa ọkà.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ náà rèé, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi àti ìwọ níléèwé: kí èèyàn, béèrè ara, béèrè ilé, kó o tó sọ ohun tó gbé ẹ wá. Àràárọ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí ọmọ mi. "Ọmọ mi dáadáa, ṣé àlàáfíà lẹ jí? Ọkọ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti yọ? Iṣẹ́ ńkọ́?" Á sì fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pa pọ̀ dá mi lóhùn. Ẹ ṣé nìyẹn. Inú mi á dùn títí di ọ̀sán.

Ọjọ́ Ajé tí dókítà dá ọjọ́ fún wa, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n pè é. Mo mọ̀ pé ohùn mi á gbọ̀n. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù, mo kí i, mo kí ọkọ rẹ̀, mo kí ìyá ọkọ rẹ̀, mo béèrè eyín ọmọ. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo wá sọ pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa la ìyá rẹ̀ nínú, kó máa bọ̀. Kò pé ìṣẹ́jú kan, àtẹ́lẹwọ́ méjì dé.

Mo sọ lọ́kàn mi pé: Wọ́n fẹ́ la ìyá ẹ nínú, o wá ń fi àwòrán ọwọ́ ránṣẹ́! Mo sọ fún ìyàwó mi pé ó ti gbọ́. Ọjọ́bọ̀ dé, a ò rí i. Ìyàwó mi ń wo ẹnu ọ̀nà títí wọ́n fi tì í wọlé. Ìwọ náà rí i, ṣebí ìwọ lo jókòó tì mí. Ibẹ̀ ni inú ti bí ẹ tó o fi kọ ọ́ sí i pé ọmọ tí kò lè dúró ti ìyá ẹ̀ kò gbọdọ̀ pe ìwọ ní bàbá mọ́.

Télọ̀, ó wá. Ọ̀rọ̀ tó o kọ sí i yẹn ló tó fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kejì, nígbà tó o ti padà sílé, ó gbé ọmọ pọ̀n wá. Ìyá ẹ̀ ń sùn. Ó fà mí lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó ṣí fóònù ẹ̀ hàn mí. Ìkíni mi ló wà lókè. Fóònù ti ká ìyókù mọ́lẹ̀, àfi kéèyàn tẹ ibì kan kó tó tú sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ibi tí mo kà dé nìyí. Ó ti pé ọdún kan tẹ́ ẹ ti ń kí mi báyìí láràárọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé màmá mi wà lábẹ́ ẹ̀?"

Mo rí i kedere pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ká ní o fẹ́ràn wa ni, wàá kà á tán."

Ó ní, "Ẹ ṣáà bá mi sọ fún Bàbá Télọ̀ pé mi ò mọ̀." Mo ní mo gbọ́. Mi ò sọ fún ẹ. Mo jẹ́ kó o máa bínú sí ọmọ ọlọ́mọ kí ojú má bàa tì mí. Irú bàbá wo ni mo tiẹ̀ jẹ́? Irú ọ̀rẹ́ wo?

Láti ìgbà yẹn, kò fèsì mọ́. Ìyàwó mi wá sọ pé ọkọ ẹ̀ ti ríṣẹ́ síbi tó jìn gan-an, pé Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí ni wọ́n ń kó lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, mo fi odidi wákàtí kan tẹ ẹ̀bẹ̀ sí i. Gbogbo ẹ̀ parẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tún un tẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ tán ni mo rí i pé "Ọmọ mi dáadáa, ṣé àlàáfíà lẹ jí" ni mo tún fi bẹ̀rẹ̀! Mo fẹ́ẹ̀ẹ́ sọ fóònù náà mọ́ ògiri. Kò pẹ́, àtẹ́lẹwọ́ méjì dé. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì mí ni o, tàbí kò kà á débẹ̀. Mo bi ìyàwó mi. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹsẹ̀ yín ò ṣáà dá."

Awakọ̀ tó ń ná ọ̀dọ̀ yín ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Jọ̀ọ́, bó o bá ti kà á, má kọ nǹkan kan sí ọmọ náà. Pè é, kó gbọ́ ohùn ẹ, kó o gba ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lọ́rùn ẹ̀. Bó o bá fẹ́ bú mi, ó tọ́ sí mi.

Bá mi kí ìyàwó, kó máa rọra gbé ẹsẹ̀ náà. Kí màmá rẹ fún mi, kó o sì sọ fún wọn pé mi ò gbàgbé wọn.

Ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé géètì ẹ̀ lọ́la. Bó bá bá ilẹ̀kùn ní títì, kó máa bínú. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni mo máa wọ̀ lọ sílé ọmọ mi láàárọ̀ ọ̀la, màá sì sọ ọ́ fún un lójú ọkọ ẹ̀ pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Tìrẹ náà ṣì ni mí, bó o bá ṣì ń fẹ́ mi,
Jórinjórin.