Ọmọ Ọlọ Màmá

Sátidé, Ọ̀kà.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Òkúta tí n ó fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi n'Íkàrẹ́ ni mò ń wá. Mo rí dúdú kan tó ń dán lẹ́yìn ilé ìyá ọkọ mi, mo fi òòlù là á kí n lè rí inú rẹ̀. Ìlà funfun, ìlà dúdú! Ooru abẹ́ ilẹ̀ ló sè é, ìwúwo ilẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn.

Àṣé ọmọ ọlọ Màmá ni, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sá sóòrùn. Ìyá tó bí wọn ló fún wọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Wọn ò tiẹ̀ bínú. "Ìyàwó mi, ṣé o rí ohun tó ò ń wá nínú ẹ̀?"

Ilé aládùúgbò ni wọ́n ti lọ ata alẹ́. Ọbẹ̀ yẹn dùn, àmọ́ òkèlè mẹ́ta péré ni mo jẹ.