Ìgbésí Ayé Màmá Ẹnìtàn Dosi, Olùkọ́ Tí Ó Tọrọ Àforíjì Lọ́wọ́ Ọmọ

Ní erékùṣù Topo, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1957, ni Pa Daniel, apẹja ọmọ Ègùn, àti Àdùní aya rẹ̀, tí í yan ẹja tà, bí olóògbé Màmá wa. Ọkọ̀ ojú omi ni Màmá ń wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Àgbádárìgì. Ní ọdún 1978, wọ́n di olùkọ́ ní Aradagun. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Dosi ní ìjọ Àgùdà ní ọdún 1981. Ọlọ́run fi ìbejì ta wọ́n lọ́rẹ ní ọdún 1984, Zinsu àti Sagbo, lẹ́yìn náà ni Olúbísí dé.

Màmá kò gba ìdọ̀tí láàyè rárá. Nígbà tí ara Zinsu bẹ̀rẹ̀ sí í yún ní ọdún 1990, tí ó pọ́n tí ó sì ń ṣomi, làpálàpá ni wọ́n pè é. Wọ́n ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ líle fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Kí ó má baà ran Sagbo, wọ́n ya àwo àwọn ìbejì sọ́tọ̀. Ọmọ tí kì í jẹun láìsí ìkejì rẹ̀, ọdún mẹ́ta gbáko ló fi dá jẹun!

Ní ọdún 1993, dókítà awọ kan ní Èkó ṣàlàyé fún Màmá pé àìsàn náà kì í ràn. Awọ ọmọ náà ló gbẹ tí ó sán, tí eruku ń gba ibẹ̀ wọlé. Awọ a ké sí àwọn ọmọ-ogun ara tí ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀; wọn a di ara ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ mú, wọn a yọ́ jáde, wọn a sì tọ ipa igbe náà dé awọ. Eruku lásán ni wọ́n wá bá jà, ṣùgbọ́n ohun ìjà wọn ní ń mú ara yún. Bí a bá tún fi kànìnkànìn ha á, awọ a tún sán, a tún ké sí òmíràn. Màmá sunkún láti Èkó dé ilé.

Títí Màmá fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2017, wọ́n ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Wọn a fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sílẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ a máa tò rìn láàárín rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ awọ a pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ-ogun a já ìlà, a sì sáré lọ bò ó. Ẹ̀rín a pa gbogbo kíláàsì, Màmá nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ìyá nínú ìjọ ni Màmá gba kànìnkànìn lọ́wọ́ wọn.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì, Màmá a sọ pé, "Zinsu, dákun, foríjì mí." Òun a ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹun jàre."

Màmá dágbére fáyé ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ ọdún 2025. Wọ́n fi ọkọ, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀, Tiwalolúwa ni àgbà wọn. Ó dùn wá wọra. Ti Zinsu ló le jù, nítorí ọ̀nà ni ó wà nígbà tí Màmá béèrè kẹ́yìn pé, "Zinsu dà? Ṣé ó ti forí jì mí?" Ó ní kí a bá òun tẹ ìdáhùn òun síbí: Màmá, tipẹ́ ni mo ti forí jì yín. N kò mọ̀ pé ẹ ṣì ń retí kí n fẹnu sọ ọ́.

Ẹ sùn jẹ́ẹ́, Ìyá Ìbejì. Kí Ọlọ́run gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀.